Aṣọ tí Dàńdógó Jù sáàárín Èrò

“Mojí, wá wo eku tó ń fi sísọ́ọ̀sì jẹun.”

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi Ìyátúndé ni mo gbọ́ láti orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀kà. Mo ń fọ ìkòkò ọbẹ̀, mo sì ń kọrin. Orin kì í wọ́n lẹ́nu mi. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń wọ yunifásítì, èmi ni ǹ bá máa ṣe ọ̀gá wọn níbẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi sí ìró, mo jáde.

Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti mú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé aṣọ kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Orí àpáta yẹn ni í tẹ́ ẹ sí kí oòrùn lè yọ òórùn káńfọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kíjìpá ni, aláró dúdú tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú mẹ́ta tí a rán pọ̀ di ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sọ́run ni. Nínú ilé tiwa, obìnrin kì í wọ aṣọ ọjà lọ bá ìyá rẹ̀. Èyí tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, tàbí èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá hun fún un, òun ni a ó fi dì í, kí àwọn ìyá tó ti lọ lè fi aṣọ dá a mọ̀. A ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o, a sì ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ti wà kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gun òkè wá bá wa.

Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́sàn-án Sátidé yìí, ìbú àárín ti lọ. Ẹnìkan ti gé e kúrò gbọnrangandan láti etí kan dé èkejì, ó ká ìyókù padà dáadáa, ó sì fi káńfọ̀ lé e lórí.

“Eku Ọ̀kà ti lọ sílé ìwé,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan, ó sì ń fi ìka tọ ibi tí wọ́n gé náà lọ, tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀. “Mojí, kí ni n ó wọ̀?”

Inú bí mi débi pé orin tó wà lẹ́nu mi kú síbẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa tó lè gé kíjìpá. Lucy ni.

Lucy ni ọmọ Adébíyìí, ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, tó ń lọ sílé ìwé. Ó gbọ́n, ó mọ ìwé, ìdánwò àṣejáde rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti gbọ́ orin ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dàńdógó, orí ọmọ náà kò sí nílé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Dàńdógó yìí fún yín. Àwọn bàbá wa mọ dàńdógó ní ẹ̀wù ńlá tí í gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí Dàńdógó olórin ń wọ̀ kò bo ìdodo rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì kíjìpá tí kò lápá ni, kò sì ní síńgílẹ́ẹ̀tì nínú. Irun orí rẹ̀ pọ́n ròdòròdò bí ogbe àkùkọ. Gíláàsì dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ṣòkòtò rẹ̀ ya ní orúnkún méjèèjì bí ẹni tó fi orúnkún gun òkè Ọ̀kà. Lucy fi orúkọ rẹ̀ sọ òbúkọ wa, ó ní irùngbọ̀n wọn jọra. Ó ń rìn bí i tirẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá ní kó gbàdúrà sórí oúnjẹ, á dárúkọ Dàńdógó kó tó dárúkọ bàbá rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, orin ọmọ náà dùn. Èmi náà ń gbọ́ ọ láti inú fóònù Lucy nígbà tí mo bá jókòó ti òfì mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó máa ń wí pé:

*Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́ o,*
*ó ti bórin lọ.*

Bó bá ti dé ibẹ̀ báyìí, ejìká mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Lucy á máa fi mí rẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ̀yin náà ti di ọmọ Dàńdógó.”

“Èmi ni ìyá rẹ̀,” ni mo máa ń wí. “Kó wá jẹ́ kí n ra síńgílẹ́ẹ̀tì fún un.”

Ìwà kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti ń kọrin rẹ̀ tán, á bọ́ ohun kan lára, á sọ ọ́ sáàárín èrò: bàtà, fìlà, ohunkóhun. Àwọn èèyàn á sì máa jà á gbà. Lucy fi hàn mí nínú fóònù.

“Màmá, ẹ wò ó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

“Ta ló ń ra òmíràn fún un?” ni mo bi í.

Lọ́sẹ̀ yẹn, rédíò kéde pé Dàńdógó ń bọ̀ wá sí Ìkàrẹ́ lọ́sàn-án Sátidé, àti pé ẹni tó bá múra jọ ọ́ jù lọ yóò bá a gun orí pèpéle. Òwúrọ̀ Sátidé náà gan-an ni Lucy sọ fún mi pé òun àti Safurat ọ̀rẹ́ òun ń lọ sí lẹ́sìnnì ìṣirò. Mo tún fún un ní mọ́ínmọ́ín dání kí ebi má baà pa á nídìí ìṣirò.

Mo dúró lórí àpáta, mo ń wo aṣọ tó ti di méjì, mo sì ń ro ti mọ́ínmọ́ín mi. Mo wọ bàtà, mo dá ọlọ́kadà kan dúró.

“Ìkàrẹ́. Sáré, ṣùgbọ́n má pa mí. Mo fẹ́ kọ́kọ́ pa ẹnìkan.”

Matthew télọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ bá, nítorí òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù Lucy. Ọmọ Ìkun ni, ìtòsí ọjà Ìkàrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

“Matthew, jákẹ́ẹ̀tì wo lo rán fún Lucy?”

“Ẹ káàsán, Màmá. Gbogbo ọmọdé Ìkàrẹ́ ni mo rán jákẹ́ẹ̀tì Dàńdógó fún lọ́sẹ̀ yìí.”

“Ti kíjìpá ni mò ń wí.”

Ojú rẹ̀ tàn. “Ìyẹn? Ìyẹn ni ògidì. Àwọn yòókù ń wọ ayédèrú. Irú aṣọ yẹn ò sí lọ́jà mọ́.”

Lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo ti rí i. Àjákù kíjìpá kan wà níbẹ̀, aláró pẹ̀lú ìlà funfun, ó ti fi nu epo ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú un, mo gbé e sí i nímú.

“Nílé yín ní Ìkun, kíjìpá tó bá ń rùn káńfọ̀, aṣọ kí ni?”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí.

“Ó ní àlòkù yín ni, Màmá. Ó ní ẹ ní kí òun mú un.”

“Ìwọ ò sì béèrè.”

“Mi ò béèrè.”

“Ẹnu rẹ há, sísọ́ọ̀sì rẹ ò há.”

Ó ń bẹ̀ mí, n kò dúró gbọ́. Gbogbo àjákù tó wà nílẹ̀ ni mo ṣà, tòun ti elépo, mo kó wọn sí ìdí ìró mi, mo sì di í.

Láti ọ̀nà jíjìn ni ariwo ti ń wá láti pápá tí wọ́n ń ṣeré sí. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Ìyá àgbà, ẹ̀yin náà fẹ́ wo Dàńdógó?”

“Òun ló fẹ́ wò mí,” ni mo wí. Wọ́n ní kí n máa wọlé lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Gbogbo ibẹ̀ kún fún orí pípọ́n àti orúnkún tó ya. Mo ń ti àwọn èèyàn, mo ń pe orúkọ Lucy, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mi. Orin náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, inú ń bí mi, itọ́ ẹnu mi ti korò, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń mì. Mo wo ẹsẹ̀ náà, mo ní, “Ìwọ náà ti bá wọn lọ?” Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí Lucy.

Orí pèpéle ló wà. Òun ni wọ́n yàn pé ó jọ Dàńdógó jù lọ. Ìbú àárín aṣọ ikú ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́rùn rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn, ó sì ń jó. Kí n sọ òótọ́, ó ń jó dáadáa. Dàńdógó dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ pa jákẹ́ẹ̀tì náà, ó sọ nǹkan sí i létí. Lucy mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ́ ọ, ó fún un. Dàńdógó bọ́ tirẹ̀, ó fún Lucy. Ó wá wọ kíjìpá wa kọrin *Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́*, ìdodo rẹ̀ sì ń wo gbogbo ayé.

Ọkàn mi ti mọ ohun tó kàn. Mo pariwo, “Má jù ú. Dàńdógó, mo bẹ̀ ọ́, má jù ú.” Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ìfẹ́ ló ń dà mí láàmú, ó bá mi pariwo.

Ó bọ́ ọ, ó fì í yí orí rẹ̀ ká, ó sì jù ú.

Ọwọ́ gbà á. Ọwọ́ mìíràn gbà á lọ́wọ́ ọwọ́. Kíjìpá le, ẹ̀gbọ́n mi hun ún dáadáa, kò tètè ya. Àmọ́ ibi tí Matthew fi ẹ̀rọ rán kò le tó ibi tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ hun. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ya. Ẹnìkan fi ìdá kan wé orí, ẹnìkan gbé ìdá kan sá, n kò sì mọ ibi tí ìyókù wọlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni Lucy ti bojú wolẹ̀ láti orí pèpéle tó rí mi. Ijó náà dá lára rẹ̀.

Mo fà á lọ́wọ́ títí a fi kúrò nínú èrò. Safurat ti rí ojú mi, ó ti gba ọ̀nà mìíràn.

“Màmá, mi ò mọ̀ pé ó máa jù ú,” ni Lucy wí.

“O ò mọ̀? Ta ló fi hàn mí nínú fóònù?”

Jákẹ́ẹ̀tì Dàńdógó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rá lásán tó ń dán ni, wọ́n kàn ya ìlà kíjìpá sí i lára.

“Màmá Àgbà ò tíì fẹ́ lọ síbì kankan,” ló wí. “Mo rò pé ó ṣì máa pẹ́ kó tó nílò rẹ̀.”

“O mọ̀ pé aṣọ ikú rẹ̀ ni, o sì gé e.”

“Mo mọ̀, Màmá.”

Bó bá parọ́ ni, ǹ bá gbá a létí. Òótọ́ tó sọ ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi lè gbéra. Mo ní, “Ìwọ lo máa sọ fún un. Ẹnu mi kò ní bá ọ sọ ọ́.”

Bí a ti délé, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ gbogbo rẹ̀: sísọ́ọ̀sì, Matthew, pèpéle, èrò. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán.

“Ta ló sọ fún ọ pé n kò tíì fẹ́ lọ?” ló bi í. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí Lucy bá kí i, kì í dá a lóhùn. Bí Lucy bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ebi náà ni yóò jẹ.

Adébíyìí sáré wá láti Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú léèsì olówó ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kàn án.

“Gbé e padà fún ìyàwó rẹ. Bí mo bá wọ èyí débẹ̀, ìyá mi á bi mí pé ta ni mo jí i lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí èmi hun ún, Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí.

“Ìwọ lo gé e?”

“Rárá.”

“Ṣé o wá rí i. Ẹni tó gé e ni yóò hun ún. Kó sì yára, n kò mọ ìgbà tí wọn yóò pè mí.”

Báyìí ni mo ta òwú sórí òfì fún Lucy, tí mo fi í jókòó. Ọmọ náà bínú. Ó bínú sí mi, ó bínú sí òwú, ó bínú sí Matthew. Bó bá dé láti ilé ìwé, ojú rẹ̀ á le bí àpáta ẹ̀yìnkùlé.

“Ìdánwò mi ńkọ́, Màmá?”

“Nígbà tí o ń lọ jó ní Ìkàrẹ́, níbo ni ìdánwò wà?”

Bí Safurat bá ń kọjá, á na ọrùn wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ìyá oníkíjìpá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi hun tèmi, mi ò ní pẹ́ kú.” Lucy á gbá apasà, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń gbá òwú mọ́ra, bí ẹni tó ń gbá ejò. Òwú á sì já. A ó so ó, á tún gbá a, yóò tún já.

Lọ́jọ́ kan, òwú já títí ó fi ju apasà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Mo mú apasà, mo fi í lé e lọ́wọ́ padà. “Àwọn àgbà ní dàńdógó kọjá ẹ̀wù à-bínú-dá. Èmi náà ń bínú. Mo ti ń bínú láti ìgbà ọyẹ́, mo ń bínú lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n òwú kò mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ wá. Bó o bá bínú gbá a, òun náà á bínú já. Níbo ni fóònù rẹ wà?”

“Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi.”

Mo lọ mú un wá. Mo ní kó fi orin Dàńdógó sí i. Ó wò mí bí ẹni tí orí mi dàrú.

“Olè yẹn ti gbé aṣọ wa lọ,” ni mo wí. “Kó fi orin san án.”

Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi orin gbá apasà: ọ̀kọ̀, igi tí a ká òwú mọ́, á kọjá lórí ‘ẹsẹ̀ mi’, apasà á balẹ̀ lórí ‘tèmi mọ́’. Mo yí orin náà padà sẹ́nu ara mi:

*Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́ o,*
*ó ti bá òwú lọ.*

Díẹ̀díẹ̀, òwú kò já mọ́. Ọmọ náà á ka ìwé rẹ̀ tán, á wá jókòó sídìí òfì láìjẹ́ pé mo pè é. Safurat kọjá, ó fẹ́ yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ orin, ó wọlé wá jókòó, ó ń gbè é.

Lọ́jọ́ kan, a gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti inú yàrá. “Ta ló ń kọrin yẹn?”

Lucy dá apasà dúró. Òun kọ́ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun ló dáhùn. “Dàńdógó ni, Màmá Àgbà.”

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. “Ọ̀daràn náà lóhùn,” ló wí.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nígbà tí aṣọ náà parí, ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Etí aṣọ náà wọ́, ó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì bí ọ̀nà tó gun òkè. Mo rán an sáàárín ìbú méjì tó kù, Lucy gbé e wọlé, ó sì tẹ́ ẹ lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró níbì kan tó ki gbagidi.

“Ibí yìí, inú ń bí ọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá Àgbà.”

Ìka rẹ̀ ń lọ. “Ibí yìí, o ń sunkún.” Ìka rẹ̀ tún ń lọ, ó dé ibi tó tẹ́jú, ó sì pẹ́ níbẹ̀. “Ibí yìí ńkọ́?”

“Ibẹ̀ la ti ń kọrin.”

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ ọmọ náà mú. “Nígbà tí ẹ bá ń dì mí, ìbú tirẹ̀ yìí ni kí ẹ jẹ́ kó bọ́ síta. Bí ìyá mi bá rí i, á ní, ‘Ìyátúndé, ta ló hun játijàti yìí fún ọ?’ N ó lè dárúkọ rẹ fún un.”

A ti dì í. Bó ṣe wí la ṣe é. Ìbú wíwọ́ náà ló bọ́ síta, Lucy ló sì tẹ́ etí rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, ṣùgbọ́n ìṣirò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, nítorí lẹ́sìnnì tí kò lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ máa fẹ́ràn olórin yín. Ẹ kun irun, ẹ ya ṣòkòtò, orúnkún yín ni otútù á mú. Àmọ́ ẹ má ṣe gé ohun tí ẹni tó mọ orúkọ yín fi pamọ́, kí ẹ lè gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ yín. Ohun tí sísọ́ọ̀sì gé ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ ni yóò hun ún padà, ọwọ́ kì í sì í yára. Bó bá sì ti bàjẹ́, ẹ lọ sọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ jókòó, kí ẹ tún un ṣe. Ìbínú kì í hun aṣọ.

Ní ti Dàńdógó, inú ṣì ń bí mi sí i. Lọ́jọ́ tí mo bá rí i, n ó fa etí rẹ̀ méjèèjì títí yóò fi pọ́n ju irun rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, n ó ní kó jókòó, kó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, kó sì kọ *Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́* fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.